Àsíá tí Fréjus Gbé Sókè

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, Safiatou dúró níwájú gbọ̀ngán bàbá rẹ̀ ní Ṣábẹ̀ẹ́, nílẹ̀ Benin, ó ń fi ẹfun kọ èsì bọ́ọ̀lù àná sára pátákó dúdú. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Bàbá rẹ̀, Àlàájì Lamidi, ń ta ẹ̀yà ara alùpùpù lójú ọ̀nà tó lọ sí ibùdókọ̀ ojú irin, ó sì kọ́ gbọ̀ngán kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù náà, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń sanwó wo bọ́ọ̀lù àwọn ẹgbẹ́ ńlá ilẹ̀ Yúróòpù. Safiatou ló ń bójú tó gbọ̀ngán yẹn láti ìgbà tó ti kúrò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ilé-ìwé girama. Ẹni tí kò bá rówó wọlé, á kúkú gba ibẹ̀ kọjá láàárọ̀ ọjọ́ kejì kó wá ka pátákó rẹ̀.

Ó ti kọ "Bayern Munich 4", ó ti kọ "Manchester", nígbà tí ẹfun tán lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń tú inú agolo wò bóyá èérún kan kù, ni alùpùpù kan bá dúró lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ má wulẹ̀ kọ èyí tó kù, arábìnrin. Gbogbo ayé ló ti gbọ́."

Ó yíjú padà. Ọkùnrin kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun ló jókòó lórí alùpùpù náà, àpò ìwé wà léjìká rẹ̀, ojú rẹ̀ fà ro bí ojú ẹni tó ń ti ibi ìsìnkú bọ̀.

"Ẹ kú ìrọ́jú o," ni Safiatou wí. "Àbí ẹ̀yin lẹ lòkú?"

Ọkùnrin náà kò fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín já mọ́ ọn lẹ́nu. "Kí èèyàn gbá góòlù mẹ́ta sílé onílé, kó sì tún fìdí rẹmi! Irú ìyà wo nìyẹn?" Ó tọwọ́ bọ àpò ṣòkòtò, ó mú odindi ẹfun kan jáde. "Ẹ gbà. Ẹ bá mi kọ mẹ́ta yẹn kó tóbi, kí ojú má tì wá jù."

Bí wọ́n ṣe mọ ara wọn nìyẹn. Fréjus ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ Pobè ni, ìjọba ló gbé e wá sí Ṣábẹ̀ẹ́ láti máa kọ́ àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní ẹ̀kọ́ ìtàn. Yorùbá ẹnu rẹ̀ yàtọ̀ sí ti àwọn ará Ṣábẹ̀ẹ́, ó sì yàtọ̀ sí ti ilé Àlàájì, níbi tí wọ́n ṣì ń sọ èdè Ògbómọ̀ṣọ́ tí bàbá àgbà wọn gbé dé ìlú náà pẹ̀lú ẹrù aṣọ lórí. Láti ọjọ́ yẹn, gbogbo àárọ̀ tí wọ́n bá ti gbá bọ́ọ̀lù mọ́jú ni Fréjus ń yà kó tó lọ sí ilé-ìwé. Manchester United ló fẹ́ràn, ọdún yẹn kò sì jẹ́ ọdún tiwọn. Galatasaray wá sílé wọn, wọ́n nà wọ́n ní mẹ́ta sí méjì. Safiatou kọ ọ́ sára pátákó, ó yíjú sọ́nà. Nígbà tó rí i pé ojú ọ̀nà ni òun ń wò, kì í ṣe ojú pátákó, ó yára yíjú padà.

Lọ́jọ́ kan nínú oṣù Kẹwàá, wọ́n fagi lé góòlù kan, gbogbo gbọ̀ngán sì dìde, wọ́n ń bú adájọ́ tó wà lókè òkun. Bí Fréjus ṣe yà lọ́jọ́ kejì, Safiatou bi í léèrè, ó pè é ní Prọ́fù bí àwọn ọmọ ilé-ìwé rẹ̀ ṣe ń pè é.

"Prọ́fù, kí ni ọ́fúsáìdì yìí gan-an? Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá wọn pariwo rẹ̀, mi ò mọ ohun tí mò ń pariwo lé lórí."

"Òun la ń pè ní hors-jeu nílé-ìwé," ni Fréjus wí. Ó wọ inú ṣọ́ọ̀bù, ó kí Àlàájì, ó tọrọ àyè, ó sì to búùjì mélòó kan, ìyẹn plọ́ọ̀gì alùpùpù, sórí tábìlì. "Èyí ni aṣọ́lé wọn. Èyí ni ẹni tó kẹ́yìn nínú àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn. Èyí, ẹ̀yin ni."

"Èmi?"

"Ẹ̀yin lẹ fẹ́ gbá a wọlé. Lásìkò tí ẹnìkejì yín bá gbá bọ́ọ̀lù sí yín, ó kéré tán èèyàn wọn méjì gbọ́dọ̀ wà láàrin yín àti àwọ̀n. Bí ẹ bá dọ́gba pẹ̀lú ẹni kejì yẹn, kò burú. Bí ẹ bá ti kọjá rẹ̀, tí ẹ sì wà níwájú bọ́ọ̀lù, àsíá á gòkè."

"Bí mo bá tètè padà sẹ́yìn kí bọ́ọ̀lù tó dé ọ̀dọ̀ mi ńkọ́?"

"Ó ti bọ́. Ibi tí ẹ wà nígbà tí wọ́n gbá a ni wọ́n ń wò."

"Òfin ìkà."

"Kì í ṣe ìkà. Bí kò bá sí i, àwọn kan á kàn lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà onílé láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, tí wọ́n á máa retí." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Bí èmi ṣe ń dúró sẹ́nu ọ̀nà yín yìí."

Safiatou kó àwọn búùjì náà padà sínú páálí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì gbójú sókè.

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, Rafiou, ló kọ́kọ́ fura. Mẹkáníìkì ni Rafiou, òun ló sì ń gbá iwájú fún ẹgbẹ́ àdúgbò Adido. Ó fẹ́ràn Fréjus gan-an, nítorí pé Fréjus máa ń mú àsíá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà nínú ìdíje àwọn àdúgbò lọ́jọ́ Àìkú, ó sì máa ń jókòó tì í lẹ́yìn eré láti sọ ibi tó ti ṣe é dáadáa fún un. Ẹ̀gbọ́n ló ń pè é. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fi ọjà bàbá mi tan ẹ̀gbọ́n mi o," ó máa ń wí, á sì bú sẹ́rìn-ín. Ojú Rafiou àti ojú Safiatou jọ bí ìbejì, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọdún mẹ́ta ni Safiatou fi jù ú.

Àárọ̀ ọjọ́ tí Manchester United na Copenhagen ní oókan sí òdo ni Fréjus là á mọ́lẹ̀. Pẹnáritì ni wọ́n fún àwọn ará Copenhagen nígbà tí eré ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, aṣọ́lé sì mú un. "Ẹni tó bá rí irú àánú yẹn gbà," ni Fréjus wí, "kò yẹ kó tún bẹ̀rù. Safiatou, mo fẹ́ fẹ́ ọ."

Safiatou dá a lóhùn pé kó rán ẹnìkan. Ọ̀rọ̀ ìyàwó kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀nà.

Ọmọlará ló rán. Onídìrí ni Ọmọlará, ọmọ oníṣòwò láti Nàìjíríà lòun náà, ọ̀rẹ́ Safiatou ni láti kékeré. Ó dé lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, ó jókòó sórí àga gbọ̀ngán, ó ṣe bí àgbàlagbà.

"Ẹni tó rán mi ní òun rí òdòdó kan nílé yìí."

"Ọmọlará, sọ̀rọ̀ bí èèyàn."

"Ó dáa. Ọkùnrin náà kì í sùn mọ́. Ṣé kí n sọ fún un pé kó máa sùn, àbí kí n sọ fún un pé kó máa bọ̀?"

Safiatou jókòó tì í. Ohun tó ń rò ni pé Fréjus ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì láràárọ̀ Àìkú kó tó lọ sórí pápá, àti pé bàbá òun ló san apá tó pọ̀ jù lára owó òrùlé mọ́ṣáláṣí àdúgbò. "Sọ fún un pé kó máa bọ̀," ni ó wí nígbẹ̀yìn. "Àmọ́ sọ fún un pé ọ̀nà náà kò ní rọgbọ."

Fréjus wá kí Àlàájì lọ́jọ́ tó tẹ̀lé eré kejì pẹ̀lú Copenhagen. Manchester United ti gbá méjì wọlé níjọ́ yẹn kí wọ́n tó lé èèyàn wọn kan jáde, wọ́n sì pàdánù ní mẹ́rin sí mẹ́ta. Fréjus dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ǹtì ṣọ́ọ̀bù. Àlàájì gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán, ó ní kó dìde, ó fún un ní omi mu, ó sì sìn ín dé ẹnu ọ̀nà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Lẹ́yìn náà ló pe ọmọ rẹ̀.

"Ọmọlúwàbí ni. Mi ò ní fi ọ́ fún un."

"Bàbá, kí ló ṣe?"

"Kò ṣe nǹkan kan. Kátólíìkì ni. Ṣé kí n wá dàgbà tán kí ọmọ ọmọ mi máa jẹ́ Jean-Baptiste? Òṣìṣẹ́ ìjọba sì tún ni. Lọ́la wọ́n á ní kó máa lọ sí Natitingou, ẹ̀yìn alùpùpù lo máa gbé títí ayé? Ẹni tí a mọ ilé bàbá rẹ̀ ni èèyàn ń fọmọ fún."

Ìyá rẹ̀ ń bó ẹ̀gúsí nítòsí. Rafiou ló sọ̀rọ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Èmi mọ̀ ọ́n. Kò sí ọkùnrin tó tó o nílùú yìí."

"Ìwọ tọ́jú bọ́ọ̀lù rẹ," ni Àlàájì dá a lóhùn.

Ní Pobè pàápàá, ìlẹ̀kùn kò ṣí. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí Manchester United àti Galatasaray ta ọ̀mì mẹ́ta sí mẹ́ta, Fréjus kò wọ inú gbọ̀ngán. Ó dúró síta, ó sọ fún Safiatou pé ìyá òun ti tẹ òun láago. Opó ni ìyá náà, Fréjus sì ni ọmọ kan ṣoṣo tó ní. Ó ní òun kò tọ́ ọmọ dàgbà kí ìyàwó rẹ̀ máa gbààwẹ̀ nígbà tí òun ń jẹun.

"Jẹ́ ká lọ," ni Fréjus wí. "Ká lọ sí Cotonou, ká ṣe ìgbéyàwó ní mérì, lọ́fíìsì ìjọba. Tí ọmọ bá dé, wọ́n á gbà."

"Rárá. Èmi ò ní sá kúrò nílé bàbá mi bí olè. Mo fẹ́ kí wọ́n mú mi wá sọ́dọ̀ rẹ, Fréjus, kí wọ́n fà mí lé ọ lọ́wọ́." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó pè é ní ìwọ, tó dárúkọ rẹ̀. Àwọn méjèèjì gbọ́ ọ.

Nínú oṣù Kejìlá, Adido dé àṣekágbá ìdíje àwọn àdúgbò. Àdúgbò Ofè ni wọ́n fẹ́ bá gbá a. Gbogbo ìlú gbọ́ pé akọ́nimọ̀ọ́gbá ẹgbẹ́ kan láti Parakou ń bọ̀ wá wo Rafiou. Ọdún mélòó kan ni Rafiou ti fi ń retí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ó ti fọ bàtà rẹ̀ mọ́, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó kígbe sí Safiatou láti àgbàlá: "Sọ fún ọkọ rẹ kó di ojú kan fún mi lónìí o!" Safiatou rẹ́rìn-ín. Kò jíṣẹ́ náà.

Pápá kún dé ẹnu. Ofè gbá ọ̀kan wọlé kí wọ́n tó sinmi, Adido kò sì rí i san. Safiatou dúró níbi tí ó ti lè rí Fréjus, ní ọ̀gangan ibi tó ń sáré lọ sáré bọ̀ pẹ̀lú àsíá rẹ̀. Nígbà tí eré kù díẹ̀ kó parí, Patrick, tó ń gbá àárín fún Adido, gba bọ́ọ̀lù, ó gbójú sókè, ó gbá a gba àárín àwọn ẹ̀yìn Ofè kọjá. Rafiou sáré bá a, ó yí aṣọ́lé po, ó sì gbá a sínú àwọ̀n. Gbogbo Adido ya wọ pápá. Rafiou bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó ń sáré lọ síbi tí ọkùnrin ará Parakou jókòó sí.

Àsíá Fréjus wà lókè.

Safiatou ti mọ̀ kí àsíá náà tó gòkè. Ìlà kan náà lòun àti Fréjus wà. Nígbà tí bọ́ọ̀lù kúrò lẹ́sẹ̀ Patrick, Rafiou ti fi gbogbo ara kọjá ẹ̀yìn tó kẹ́yìn. Kò ṣòro láti rí. Ẹni tó bá wà níbẹ̀ ló máa rí i.

Patrick ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ Fréjus. Ó gbá a láyà, ó ń pariwo sí i lójú, gbogbo pápá sì rí i. Adájọ́ àárín fa Patrick kúrò. Rafiou wá, ó wọ́ ẹsẹ̀ wá, ẹ̀wù rẹ̀ wà lọ́wọ́.

"Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin? Ẹ̀yin tí mo tìtorí yín bá bàbá mi jà?"

"Rafiou, o ti kọjá wọn. Máà bínú."

"Ẹ ò bá ti wo ibòmíì!"

Ofè gba ife. Nígbà tí fèrè parí, àwọn èèyàn ya lu pápá láti ìhà gbogbo, eruku bo ibẹ̀, òkò sì bẹ̀rẹ̀ sí fò. Safiatou ń tiraka láti dé ọ̀dọ̀ Fréjus. Láàárín èjìká méjì ló ti rí àbúrò rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, tó mú òkúta, tó sì jù ú pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. Ó rí òkúta náà nígbà tó lọ. Ó rí Fréjus tó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú, tó kúnlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ gbàdúrà.

Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Parakou. Ojú òsì náà kò ṣeé tọ́jú; wọ́n yọ ọ́. Lọ́jọ́ tí Safiatou lọ wò ó, gbogbo ìlú ti gbọ́ pé Bayern na Manchester United nílé wọn, pé àwọn ló sì gbẹ́yìn nínú ìsọ̀rí wọn. Safiatou kò kọ ọ́ sára pátákó.

Fréjus di ọwọ́ rẹ̀ mú lórí ibùsùn. Òwú àti aṣọ tí wọ́n fi ń di ọgbẹ́ bo ìdajì ojú rẹ̀. "Wọ́n ní mo parọ́ mọ́ Rafiou. Gbogbo Adido ló ń wí bẹ́ẹ̀. Safí, ìwọ wà níbẹ̀."

"Mo wà níbẹ̀. O kò parọ́. Ó ti kọjá wọn."

Ó mí kanlẹ̀. "Ó tó mi. Wọ́n ti mú ẹni tó jù ú, àbí? Wọ́n ní Patrick ni."

Safiatou ṣí ẹnu. Ojú kan tó ṣẹ́ kù yẹn ń wò ó, ó gbẹ́kẹ̀ lé e pátápátá. "Wọ́n ní bẹ́ẹ̀," ni ó wí.

Lóòótọ́ ni, àwọn ọlọ́pàá ti mú Patrick. Ta ni kò rí i tó gbá Fréjus láyà? Ọmọ Okpara ni, kò ní bàbá, kò ní ìyá, oko kaṣú ló ti ń ṣe lébìrà. Kò sí ẹni tó gbèjà rẹ̀. Rafiou kò jáde nínú yàrá rẹ̀ mọ́.  Ó sọ ohun tó ṣe fún bàbá rẹ̀, Safiatou sì sọ ohun tó rí fún ìyá rẹ̀. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, Àlàájì pe Safiatou sínú ṣọ́ọ̀bù, ó ti ilẹ̀kùn.

"Ìyá rẹ ti sọ fún mi. Ta lo tún sọ fún?"

"Kò sí ẹnìkan, Bàbá."

Àlàájì jókòó. Ó dà bí ẹni pé ó ti fi ọdún mẹ́wàá dàgbà. "Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún mi. Bí wọ́n bá tì í mọ́lé, kò ní jáde bó ṣe wọlé." Ó fi ọwọ́ nu ojú. "O fẹ́ Fréjus. Mo gbà. Kí àwọn èèyàn rẹ̀ wá, n ó fi ọ́ fún un, n ó sì súre fún yín. Ohun tí mò ń tọrọ lọ́wọ́ rẹ kò ju pé kí o pa ẹnu rẹ dé."

"Patrick ńkọ́?"

"Wọn ò lè rí ẹ̀rí. Wọ́n á tú u sílẹ̀ láìpẹ́."

"Bí wọn ò bá tú u sílẹ̀?"

"Safiatou," ni bàbá rẹ̀ wí. Nígbà tó rí i pé kò fẹ́ gbọ́, ọkùnrin tí ẹnikẹ́ni kò rí lórí ìkúnlẹ̀ rí bí kò ṣe níwájú Ọlọ́run, fi orúnkún méjèèjì kanlẹ̀ níwájú ọmọ rẹ̀.

Kí ni ọmọ máa ṣe? Ó gbé e dìde. Ó ní òun ti gbọ́.

Ìròyìn pé Àlàájì ti gbà dé Pobè. Nítorí ojú ọmọ rẹ̀ tó lọ, ìyá Fréjus náà rọ̀. Ó ní kí ẹni tó bá máa mú kó rẹ́rìn-ín wá, ìbáà gbààwẹ̀. Wọ́n mú ọjọ́ nínú oṣù Kejì. Fréjus padà sí Ṣábẹ̀ẹ́ pẹ̀lú dígí dúdú lójú, ayọ̀ rẹ̀ sì ń ba Safiatou lẹ́rù. "Ọlọ́run gba ọ̀kan, ó fún mi ní ọ̀kan," ó máa ń wí fún gbogbo ẹni tó bá kí i. "Àlàájì kò rí bí èèyàn ṣe rò ó, ṣé ẹ mọ̀? Òun fúnra rẹ̀ ló wá bá mi nílé." Safiatou á rẹ́rìn-ín. Ní gbogbo òru, bó bá dùbúlẹ̀, á sọ fún ara rẹ̀ pé ìgbéyàwó ni òun fẹ́, ìgbéyàwó náà sì rèé.

Ìyá àgbà Patrick ló bà á jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Arúgbó náà ń wá láti Okpara, ó ń jókòó sábẹ́ igi níwájú ilé ọlọ́pàá pẹ̀lú abọ́ oúnjẹ tó fi aṣọ dì. Safiatou ń kọjá lọ ra aṣọ ìgbéyàwó nígbà tí ó pè é.

"Ọmọ mi, ó jọ pé o mọ̀wé. Èmi ò gbọ́ Faransé. Bá mi bi wọ́n bóyá ọmọ mi jẹ èyí tí mo gbé wá lánàá. Abọ́ náà ni wọ́n kàn ń dá padà, mi ò mọ ẹni tó jẹ ẹ́."

Safiatou wọlé, ó béèrè, ó jáde, ó sọ pé ó jẹ ẹ́. Arúgbó náà kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Safiatou kò dé ọ̀dọ̀ aláṣọ mọ́. Ilé Fréjus ló gbà lọ.

Fréjus ń wo ìwé iṣẹ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé, ó tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ojú rẹ̀ lè bá wọn.

"Patrick kọ́ ló jù ú," ni Safiatou wí láti ẹnu ọ̀nà. "Rafiou ni."

Ó gbé bíírò sílẹ̀. "Ta ló sọ fún ọ?"

"Ojú mi ló ṣe."

Fréjus ti àwọn ìwé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Lọ́jọ́ tí o wá sí Parakou, tí mo di ọwọ́ rẹ mú. O mọ̀?"

"Mo mọ̀."

"Àlàájì ńkọ́?"

"Wọ́n mọ̀."

Fréjus bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò ní ayọ̀ nínú. "Ojú kan, ìyàwó kan. Mo sì ń lọ káàkiri, mò ń ròyìn inúure bàbá rẹ fáyé gbọ́." Ó bọ́ dígí náà. Safiatou kò rí ihò ojú náà láìsí aṣọ rí. "Máa lọ, Safí. Tí mo bá wò ọ́ báyìí, Rafiou ni mò ń rí."

Ó lọ. Bó ṣe ń lọ, ó mọ̀ pé òun ti pàdánù rẹ̀, nítorí náà kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni tún lè fi ra ẹnu òun. Ó padà sí ilé ọlọ́pàá, ó kọjá lára arúgbó náà, ó wọlé, ó jókòó, ó sọ ohun tó rí.

Wọ́n tú Patrick sílẹ̀. Wọ́n mú Rafiou nínú yàrá rẹ̀, kò jiyàn. "N kò ní kó bá a lójú," ni ohun kan ṣoṣo tó sọ. "Mo kàn jù ú ni." Bí wọ́n ṣe ń mú un kọjá, ó wo Safiatou, ẹnu ya Safiatou láti rí i pé kò sí ìbínú ní ojú náà. Ìyanu ló wà níbẹ̀, bí ẹni tí ilẹ̀ yọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Àlàájì kò pariwo. "Ọmọ méjì ni mo ní," ó wí. "Ọ̀kan wà lẹ́wọ̀n. Èkejì ti kú." Ìyá rẹ̀ di ẹrù rẹ̀, ó gbé e wá fún un nílé Ọmọlará, ó sọ ọ́ kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó sì yí padà láìwọlé. Ẹkún ló ń sun bó ṣe ń lọ, àmọ́ kò bojú wẹ̀yìn.

Ilé ẹjọ́ fún Rafiou ní ọdún mẹ́ta. Fréjus bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n gbé òun kúrò ní Ṣábẹ̀ẹ́, wọ́n sì gbé e padà sí Pobè. Safiatou kọ́ṣẹ́ irun dídì lọ́dọ̀ Ọmọlará. Àwọn kan nílùú ń kí i. Àwọn ará Adido tí wọ́n mọ Rafiou kì í kí i, wọ́n á rìn lódì kejì ọ̀nà. Patrick wá lọ́jọ́ kan, ó dúró, kò mọ ohun tó máa sọ, ó gbé iṣu mélòó kan sílẹ̀, ó lọ. Lóṣooṣù, Safiatou ń gbé oúnjẹ lọ fún àbúrò rẹ̀ lẹ́wọ̀n. Rafiou ń gba oúnjẹ náà, kò sì jẹ́ kó rí òun.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2024, nígbà ìsinmi ilé-ìwé, Safiatou ń di irun fún oníbàárà kan nígbà tí Ọmọlará fọwọ́ kan èjìká rẹ̀. Fréjus dúró sójú ọ̀nà nínú òjò winniwinni.

Wọ́n jókòó lábẹ́ ìborí ilé. Wọ́n ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀.

"Mi ò rán ọ lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá," ni Fréjus wí nígbẹ̀yìn.

"Mo mọ̀. N kò sì ṣe é nítorí rẹ. Arúgbó kan ń gbé oúnjẹ wá lójoojúmọ́, kò sì mọ̀ bóyá ọmọ rẹ̀ ń jẹ ẹ́."

"Ìyẹn ló mú mi wá. Ká ní nítorí mi lo ṣe é ni, mi ò bá tí wá." Ó fi ọwọ́ nu òjò kúrò lára dígí rẹ̀. "Inú ń bí mi sí ọ síbẹ̀. Nígbà míì mo máa ń jí láàárọ̀, inú á ti máa bí mi kí n tó rántí ohun tó ṣe é. Àmọ́ ọ̀dọ̀ rẹ náà ni mo ti fẹ́ wá fẹjọ́ rẹ sùn. Mi ò ní ẹlòmíì."

"Fréjus, ojú mi jọ ti Rafiou. Á sì máa jọ ọ́ títí tí mo fi máa kú. Ṣé wàá lè máa wò ó lójoojúmọ́, lórí tábìlì oúnjẹ?"

Fréjus wo ojú náà, òjò sì ń rọ̀. "Mi ò mọ̀," ó wí. "Mo fẹ́ gbìyànjú rẹ̀."

Safiatou rán Ọmọlará sílé bàbá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láti tọrọ ìyọ̀ǹda. Lẹ́ẹ̀kíní, Àlàájì ní òun kò ní ọmọbìnrin kankan tí òun fẹ́ fọ́kọ. Lẹ́ẹ̀kejì, kò jáde.

Wọ́n ṣe ìgbéyàwó náà ní Pobè nínú oṣù Kẹwàá, ní mérì, níwájú ìwọ̀nba èèyàn. Àga tí wọ́n tò fún ẹbí ìyàwó ṣófo, Ọmọlará nìkan ló jókòó sórí ọ̀kan, ó wọ aṣọ tó dára jù lọ tó ní, ó sì gbé orí sókè bí ẹni pé òun nìkan tó gbogbo ìdílé. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti fẹsẹ̀ rìn lọ sílé ìyá Fréjus.

Àwọn ìyàwó ilé ti dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú omi tí wọ́n fi ń fọ ẹsẹ̀ ìyàwó. Ọ̀kan nínú wọn béèrè bí wọ́n ti máa ń béèrè:

"Ta ló mú ìyàwó wá?"

 Ẹ̀yìn Safiatou ni ojú ọ̀nà wà, kò sí bàbá níbẹ̀, kò sí ìyá, kò sí àbúrò. Ọmọlará fẹ́ sọ̀rọ̀, Safiatou mú un lọ́wọ́.

"Èmi ni mo mú ara mi wá," ó wí.

Àwọn obìnrin náà wo ara wọn. Ìyá Fréjus, obìnrin tó ti sọ rí pé ìyàwó tó ń gbààwẹ̀ kò ní wọ ilé òun, dìde lórí àga rẹ̀. Ó gba igbá omi lọ́wọ́ ẹni tó gbé e dání, ó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nítorí orúnkún ń dùn ún, ó sì bọ́ bàtà Safiatou fúnra rẹ̀.

"Máa bọ̀, ọmọ mi," ó wí. "Omi náà tutù o."

Láti ọjọ́ tí òkúta yẹn ti kúrò lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀, Safiatou kò tíì sunkún. Níbẹ̀ ló ti sun ún, lórí ìdúró, níwájú gbogbo wọn, títí omi igbá náà fi tán.